Kíláàsì Tí Mo Yàn Kí Ráṣídì Lè Dá Mi Lóhùn

Bàbá mi, ọkọ Mọ́mì, ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé,

Mo kí yín o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Mo kàn ń kí yín bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ti Àgọ́-Ìwòyè dé, tí mo bá yín nídìí ẹ́ńjìnnì, tí ẹ ò ní gbójú sókè títí ẹ ó fi de nọ́ọ̀tì tó wà lọ́wọ́ yín tán. Mo máa ń dúró ni. Ẹ ó wá nu ọwọ́, ẹ ó ní ṣé mo ti jẹun. Bàbá, mi ò tíì jẹun lónìí.

Ó ti di oṣù mẹ́jọ tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Mọ́mì wà, wọ́n ń kírun, wọ́n sì ti jáde opó. Ọwọ́ Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù etí omi wà báyìí. Àwọn ni wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe fún gbogbo Mákùn-Omi, ṣùgbọ́n àwọn apẹja tó ń ti Ìbíadé wá ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àbúrò kì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé inú yín á dùn láti gbọ́ ìyẹn, ẹ kàn máa ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́ ni. Èmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí ẹ fi mí sí ní Àgọ́-Ìwòyè, mò ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn ọmọ yunifásítì, mò ń bá wọn dì í, mò ń bá wọn jà nítorí pé ẹnu ilẹ̀kùn ọ̀gá wọn ni wọ́n tó máa ń rántí iṣẹ́.

Kì í ṣe èyí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, títí di ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, Ráṣídì kò mọ̀ pé ẹ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ẹ bí kò mọ̀. Èmi ni mo sọ fún un, inú géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo sì ti sọ ọ́, géèmù tí ẹ kórìíra yẹn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí mo lè rò ó fún.

Ẹ rántí ìgbà tí Ráṣídì ń gbé ọ̀dọ̀ mi, tó yẹ kó máa lọ sí yunifásítì. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ rà fún un ni kò jẹ́ kó lọ. Láti òwúrọ̀ ni yóò ti jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, tí yóò máa bá àwọn èèyàn tí kò rí rí láyé ja ogun idà, tí wọn ó máa pa ẹranko abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu. Èmi ni mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín. Ẹ wá, ẹ ò pariwo, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù náà sínú àpò irinṣẹ́ yín, ẹ sì mú òun náà lọ sílé. Ẹ gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ mú sukurudíráfà, ẹ tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tú ẹ́ńjìnnì, kó lè fojú rí i pé kò sí ìlú kankan nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rẹ́ kankan nínú rẹ̀. Èrò yín ni pé bó bá ti tọrọ àforíjì, ẹ ó tò ó padà. Ṣé ẹ tíì tú ohun kan rí tí ẹ ò lè dì? Àmọ́ èyí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo rí yín, Bàbá. Mo rí yín fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ fi awò ìkàwé sójú, tí ẹ ń wá ibi tí wáyà bíńtín yẹn ti já. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un? Bó bá ti rí yín lórí ìjókòó yẹn, ṣé ì bá ti lọ sí Kútọnu?

Ó lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí kò pè, ẹ ní kí n pè é, kí n sọ fún un pé Mọ́mì wà nílé ìwòsàn, pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Mo ṣe é. Ẹ ò tilẹ̀ ní kí n sunkún, èmi ni mo fi ẹkún kún un. Ráṣídì wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ó kọjá bọ́dà, ó dé Mákùn-Omi kí oòrùn tó wọ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀. Ó bá Mọ́mì nídìí ààrò, wọ́n ń yí ẹja. Ó bá ẹ̀yin àti Bàbá Kékeré àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí méjì lórí àga, ẹ tò jọ, ẹ ń retí kó dọ̀bálẹ̀ kó tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dìde, èmi ló wò.

“Àǹtí mi, ìwọ náà?”

Ó yí padà, ó tún gba Kútọnu lọ. Àwọn àgbà máa ń ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì tiyín yá, Bàbá. Ọ̀tún ni ẹ ń rò pé àyè rẹ̀ ṣì wà.

Ìgbà tí ẹ kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí a tó gbé yín kúrò nílé ìwòsàn ni mo ti mú fóònù láti pè é. Bàbá Kékeré gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì, pé bó bá ṣubú lulẹ̀, ta ni yóò dì í mú? Wọ́n ní kí n sọ pé ara bàbá kò yá, kó máa bọ̀. Àṣà wa náà ni wọ́n sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe ẹ̀yin fúnra yín nígbà tí bàbá yín kú, ẹ sọ ọ́ fún wa rí, ẹ ní bí ẹ ṣe rí àga lójúde ni ẹ ti mọ̀. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwa ti ná ọ̀rọ̀ yẹn tán lórí Ráṣídì. Mo pè é, mo ní ara Bàbá kò yá, kó máa bọ̀ kíákíá, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, Bàbá, ẹ̀yin ti wà nínú aṣọ funfun.

Ó ní, “Àǹtí mi, kí Bàbá fún mi. Sọ fún wọn pé lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n wá àìsàn mìíràn.”

Mo pariwo orúkọ rẹ̀, ó ti gé e. Láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà yẹn kò ti lọ mọ́. A ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a ṣe ti ogójì, àwọn èèyàn ń béèrè àrólé, Mọ́mì ń sọ pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá Kékeré lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rìn kiri títí ẹsẹ̀ wọ́n fi wú, wọ́n padà wá láìrí i. Ìgbẹ̀yìn ní ń dun olókùú àdá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé yẹn ni Mọ́mì kọ́kọ́ bi mí bóyá Ráṣídì náà ti kú.

Ọmọ yunifásítì kan ló ṣílẹ̀kùn fún mi, Tóyọ̀sí lorúkọ rẹ̀. Ó wá di iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó jókòó, ó ń ta géèmù lórí fóònù. Mo gbọ́ orin rẹ̀, mo sì dá iṣẹ́ dúró, nítorí pé orin yẹn ni mo fi ń jí lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko nígbà tí Ráṣídì wà lọ́dọ̀ mi. Mo bi í bóyá èèyàn lè wá ẹni tó mọ̀ níbẹ̀. Ó ní bí mo bá ti mọ orúkọ tó ń jẹ́ nínú géèmù, kò le rárá. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ Mákùn lorúkọ tí Ráṣídì sọ ara rẹ̀ láti kékeré, kò sì yí i padà láìka gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Mákùn sí. Tóyọ̀sí tẹ̀ ẹ́, orúkọ náà jáde, iná wínníwínní kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ìyẹn ni pé ó wà nínú géèmù ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ yín wà láàyè, ó ń mí, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ nǹkan níbì kan, oṣù mẹ́rin ni a sì ti fi ń wá a.

Tóyọ̀sí ní bí mo bá kọ̀rọ̀ sí i lásán, kò ní rí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn tó bá a wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nínú géèmù nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ dá ẹ̀dá tèmi sílẹ̀ nínú géèmù, kí n sì wọ ẹgbẹ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì bi mí ni kíláàsì wo ni mo fẹ́. Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: ṣé owó ilé ìwé tún wà níbẹ̀ ni? Rárá o. Kíláàsì ni irú ẹni tí èèyàn fẹ́ jẹ́. Jagunjagun wà, tó ń gba ìyà fún àwọn yòókù. Tafàtafà wà, tó ń dúró lókèèrè. Oníná wà, tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sun nǹkan. Ayọ́kẹ́lẹ́jà wà, tó ń gba ẹ̀yìn yọ síni. Oníwòsàn wà, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, tó kàn ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pè wọ́n níbẹ̀, èmi ni mo ń túmọ̀ wọn fún yín. Ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn lè mú.

Mo mú Jagunjagun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tó fẹ́ lọ gba ọmọ padà, idà ló yẹ kó mú lọ. Mo fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́rìnlá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn, mo bọ́ sínú odò, ẹranko bí ajá pa mí bí ẹni pa adìyẹ, Tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo wá di èèyàn, mo bẹ ẹgbẹ́ Ráṣídì pé kí wọ́n gbà mí. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní inú àwọn dùn láti bá mi pàdé, ṣùgbọ́n pé àwọn ti ní jagunjagun tó, oníwòsàn ni àwọn ń wá. Ó fi àdúrà lé e pé kí n rí ẹgbẹ́ mìíràn. Ọmọ ìyá mi lé mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere, kò mọ̀ mí. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún bí ìgbà tí ẹ kú.

Èèyàn kò lè pa kíláàsì dà. Àfi kó pa ẹ̀dá àkọ́kọ́ rẹ́, kó sì dúró fún ọjọ́ méje kó tó lè dá òmíràn. Ọjọ́ méje yẹn gùn ju ogójì ọjọ́ yín lọ. Lójoojúmọ́ ni mò ń wò bóyá iná ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà. Ọjọ́ tó pé, mo mú Oníwòsàn, mo sọ ara mi ní Ìtura, wọ́n sì gbà mí wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí pé oníwòsàn wọ́n níbi gbogbo. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró lẹ́yìn máa tọ́jú ẹlòmíràn.

Bàbá, ó yẹ kí ẹ rí i. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ń darí, láti ìlú tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kì í sì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá ṣe àṣìṣe, yóò ní kó fara balẹ̀, kó tún un ṣe, kó má fi agbára ṣe ohun tí sùúrù lè ṣe. Ọ̀rọ̀ yín ni, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Kò mọ̀ pé ohùn yín ló ń lò. Nígbà tó rí i pé mo gbọ́ Yorùbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ̀wé sí mi, ó bi mí ibi tí mo ti wá, mo ní Ìbàdàn. Irọ́ kejì nìyẹn. Ó ní inú òun dùn, ó ti pẹ́ tí òun ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ilé.

Ẹ ó bi mí ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ni. Bí mo bá sọ pé èmi ni, yóò rò pé ẹ̀tàn bíi tàkọ́kọ́ ni, yóò sì pa orúkọ yẹn rẹ́, kò sì ní sí iná kankan mọ́ tí mo lè máa wò. Okùn kan ṣoṣo tó kù nìyẹn, mi ò sì mọ bó ṣe nípọn tó. Mo ní kó kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé mi ná. Mo ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ọ̀la.

Bí mo ṣe dé ìpele ogún, géèmù náà tún ní kí n yàn. Oníwòsàn pín sí méjì níbẹ̀. Àwọn kan ń wo ọgbẹ́ ẹni tó ṣì ń mí. Àwọn kan ń jí ẹni tó ti kú dìde. Èyí tí èèyàn bá mú, òun náà ló máa jẹ́ títí láé, kò sí ìparẹ́ mọ́. Èmi fẹ́ mú ti ọgbẹ́. Ráṣídì ló bẹ̀ mí. Ó ní àwọn kò ní ajíkùú-dìde kankan, pé ẹni tó bá kú nínú ẹgbẹ́ àwọn máa ń lọ pátápátá, pé kí n ṣàánú àwọn.

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún odindi ọ̀sán kan. Mo ti oníbàárà méjì padà. Mo mọ̀ pé eré ni, mo sì mọ ẹni kan ṣoṣo tó ń jí òkú dìde, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kéú. Síbẹ̀, ọmọ tí kò mọ̀ pé bàbá òun ti kú ló ń bẹ èmi tí mo bá yín dé etí sàréè pé kí n wá máa jí òkú. Ta ni kí n rò ó fún? Mo tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnìkan bá ti ṣubú, n ó na ọwọ́, n ó tẹ bọ́tìnnì kan péré, yóò sì dìde, yóò gbọn eruku nù, yóò tún máa jà. Mo ti jí Ráṣídì dìde tí mi ò mọye ìgbà. Bí mo bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni mò ń rántí yín. Bọ́tìnnì kan péré, Bàbá. Bó bá wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ yẹn, ṣé mi ò ní tẹ̀ ẹ́ títí ìka mi á fi gé?

Nígbà tó wá gbẹ́kẹ̀ lé mi tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọkàn rẹ̀. Ó sọ fún Ìtura, ẹni tí kò sí láyé, ohun tí kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ó ní òun ti di atúnláptọ́ọ̀pù-ṣe ní Kútọnu, pé òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Iléyá yìí ni òun ń lọ sílé. Ó ní bàbá òun le, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ nígbà tó bá rí i, àti pé òun fẹ́ kó jókòó sórí àga rẹ̀ kí òun tú láptọ́ọ̀pù kan palẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí òun sì tò ó padà lójú rẹ̀, kó sì tàn. Ó ní òun ti ra fìlà fún un. Ó wá bi mí pé, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó ní làákàyè, ṣé mo rò pé bàbá òun máa rẹ́rìn-ín.

Mo kọ ọ́ pé iná ti lọ níbi tí mo wà.

Mo lọ sí Mákùn-Omi, mo rò ó fún Bàbá Kékeré. Inú wọn dùn púpọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí n fi í sílẹ̀, kó máa bọ̀ fún Iléyá, pé bó bá dé, àwọn èèyàn á yí i ká, wọn á dì í mú, wọn á sì rọra sọ fún un. Mọ́mì kàn ń wò mí. Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè, mò ń rí i lójú mi bó ṣe máa wọ agbo ilé pẹ̀lú fìlà yẹn lọ́wọ́, tó máa bá àga tí wọ́n tún tò lójúde, àwọn àgbà lórí rẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bíi tàkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ lójúde wa ni yóò ti bá Ráṣídì. Bó bá tún wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé mi ò ní ní àbúrò mọ́.

Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Àsírì, mo wọ géèmù. Ó wà níbẹ̀, àwa méjì péré, ó ń dúró de àwọn yòókù lẹ́bàá igbó kan. Mo kọ orúkọ mi. Mo kọ orúkọ tí ẹ fi ń pè é nígbà tó bá ń ṣàìsàn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi inú ilé wa. Mo kọ ọ́ pé irọ́ ni mo pa nípa Mọ́mì nígbà yẹn, pé mi ò parọ́ nígbà tí mo pè é lẹ́yìn rẹ̀, pé nǹkan tí mo sọ kò tó ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wá kọ ọ́ bí a kì í ṣe é sọ. Bàbá ti kú, Ráṣídì. A ti sin wọ́n. Ó ti lé ní oṣù méje.

Ẹ̀dá rẹ̀ kàn dúró, ó ń mí sókè sódò bí wọ́n ṣe máa ń mí níbẹ̀. Ẹranko kan jáde láti inú igbó, ó kọ lù ú, kò gbé apata rẹ̀ sókè, ó ṣubú. Mo jí i dìde. Ẹranko náà tún kọ lù ú, kò tún gbéra, mo tún jí i dìde. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sá, pé kó ṣáà sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, iná ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kú. Kò sí i mọ́. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú ẹranko yẹn, mo sì jẹ́ kó pa mí.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí i. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Kékeré gbọ́, wọ́n ní mo ti pa á, pé mo fi ọwọ́ ara mi túfọ̀ fún ọmọ tó dá wà nínú yàrá nílẹ̀ àjèjì, bóyá ó ti ṣubú, bóyá ó ti ṣe ara rẹ̀ léṣe, ta ni yóò sọ fún wa? Mi ò lè bá wọn jiyàn, nítorí pé ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá. Ní gbogbo ayé mi, mi ò béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín rí tí ẹ ò fèsì, kódà bó bá jẹ́ pé rárá ni.

Láàárọ̀ yìí, fóònù mi dún. Nọ́ńbà Kútọnu ni. Mo gbé e, mo sọ hẹ́lò, kò sí èsì. Mo gbọ́ ìró ọjà, mo gbọ́ ọ̀kadà, mo gbọ́ ẹni tó ń mí. Mi ò jẹ́ kí ẹnu mi sọ nǹkan kan, kí n má baà lé e. Ó wá bi mí, pẹ̀lú ohùn ilé wa, bí ẹni pé kò kúrò ní Mákùn rí.

“Yèsí ló wẹ Bàbá?”

Mo ní Bàbá Kékeré ni. Mo ní èmi ni mo pọn omi. Iṣẹ́ Ráṣídì ni láti wẹ̀ yín, ó mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún un. Ó wá ní, “Omi náà ńkọ́, ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́?”

Ẹ kì í fi omi tútù wẹ̀, àní nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń gbé e kaná fún yín nígbà tó wà nílé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa, mo fi ọwọ́ kàn án. Ó ní ó dáa. Ó gé e.

Bàbá, omi tútù ni. Oòrùn ti ń wọ̀, wọ́n ń kánjú kí a lè sin yín kí ìrun Màgíríbì tó kọjá, kò sí àyè láti dá iná. Ẹ má sọ fún un.

Ọmọ yín obìnrin ni mí síbẹ̀, mo fẹ́ràn yín, mo gbé fóònù sí àyà, mò ń retí kí Ráṣídì tún pè.